Kí Ló Dé Tí Wọn Ò Sá?

Ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹnu ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Lágere, nílùú Ifẹ̀ níbí, ni mo ti gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè Mali ni a ń sọ, mo wá sọ fún un nípa abúlé kan tó ń jẹ́ Ogossagou, tí wọ́n ti pa àwọn ará ibẹ̀ nípakúpa lọ́dún 2019, tí wọ́n sì tún padà wá pa nínú àwọn tó ṣẹ́kù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí wọn ò sá? Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.”

Mi ò rí èsì fọ̀. Bí àwọn baba wa bá ti fi òwe lé ọ̀rọ̀ báyìí, ó máa ń dà bíi pé ẹjọ́ ti parí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rìn lọ sílé ni ọkàn mi ń kọ̀ ọ́. Òwe yẹn gbà pé ọ̀nà kan wà tí arọ lè gbà lọ. Ó tún gbà pé ọjọ́ tó bá padà dé, yóò bá ilé rẹ̀ níbi tó fi í sí. Nínú irú ogun tí mo ń sọ yìí, méjèèjì ni kò dájú, èyí tó kẹ́yìn ló sì burú jù.

Ogossagou méjì

Agbègbè Bankass ni Ogossagou wà, ní àárín gbùngbùn Mali, abẹ́ ẹkùn Mopti ni Bankass sì wà lọ́dún 2019. Abúlé méjì ló ń jẹ́ orúkọ yẹn, ti àwọn Fúlàní àti ti àwọn Dogon, wọn ò sì jìnnà síra wọn rárá. Ẹni tó bá dàgbà sí Ifẹ̀ tàbí Modákẹ́kẹ́ mọ ohun tí mo ń sọ. Níbòmíràn, títì kan péré ló wà láàárín àwa náà, níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, ògiri ilé ni.

Ní ìdájí 23 oṣù kẹta ọdún 2019, àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ ọdẹ ya wọ apá àwọn Fúlàní pẹ̀lú ìbọn àti àdá. Àwọn tí wọ́n pa lé ní 150, aláboyún wà níbẹ̀, ọmọdé wà níbẹ̀, arúgbó tí kò lè dìde wà níbẹ̀. Àwọn kan sá wọ ilé àáfà abúlé, bóyá ẹ̀rù Ọlọ́run á ba àwọn tó ń lé wọn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n pa wọ́n sí. Èyí tó dùn mí jù ni pé lára àwọn tó kú lọ́jọ́ yẹn, a rí àwọn tó ti sá kúrò ní abúlé tiwọn ṣáájú, tí wọ́n wá forí pamọ́ sí Ogossagou. Àwọn wọ̀nyẹn gbọ́n bí òwe ṣe ní kí wọ́n gbọ́n. Wọ́n sá. Ogun sì bá wọn níbi tí wọ́n sá dé.

Bí nǹkan ṣe dojú rú ní Mali láti ọdún 2012 kì í ṣe tuntun sí ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn, mi ò ní í fa ìyẹn gùn. Ohun tó kan Mopti ni pé láti nǹkan bí ọdún 2015 ni ẹgbẹ́ agbébọn tí wọ́n ń pè ní Katiba Macina ti ń ṣọṣẹ́ níbẹ̀. Oníwàásù kan tó ń jẹ́ Amadou Koufa ni olórí wọn, Fúlàní ni, láàárín àwọn darandaran Fúlàní ló sì ti ń rí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun rẹ̀. Wọ́n pa àwọn ìjòyè, wọ́n pa àwọn olórí ọdẹ. Àwọn Dogon náà kó ara wọn jọ lábẹ́ ẹgbẹ́ ọdẹ kan, Dan Na Ambassagou, láti dáàbò bo ilẹ̀ wọn. Ẹgbẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn nàka sí lórí ìpakúpa Ogossagou, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní àwọn kọ́. Ìjọba Mali kéde pé òun ti tú wọn ká. Wọn ò túká.

Ìka tó ṣẹ̀

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ó sì yà mí lẹ́nu bó ṣe máa ń yára kúrò lórí wa nígbà tí inú bá ń bí wa. Ọwọ́ àwọn Dogon kò tẹ Koufa, nítorí náà wọ́n wá ẹni tó ń sọ èdè Koufa. Ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2019 ni wọ́n pa Fúlàní 37 ní abúlé Koulogon. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, lẹ́yìn Ogossagou, àwọn agbébọn wọ Sobane Da, abúlé àwọn Dogon, wọ́n pa èèyàn 35. Mẹ́rìnlélógún nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ọmọ ọdún mélòó ló ṣẹ Fúlàní wo? Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, nílùú Diallassagou àti àwọn abúlé tó yí i ká, àwọn aráàlú tí ìjọba kéde pé wọ́n kú jẹ́ 132.

Ẹ má ṣe jẹ́ ká máa ka ìròyìn yìí bíi pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, ní Sábó, nínú Ifẹ̀ yìí kan náà, ìjà tó bẹ̀rẹ̀ láàárín èèyàn díẹ̀ di ti Yorùbá àti Haúsá. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ṣọ́ọ̀bù jóná. Àwọn tó pàdánù ọjà wọn lọ́jọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìjà náà títí di òní. Èdè tí wọ́n ń sọ nílé ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ogossagou, torí ibẹ̀ ni ìbéèrè ọkùnrin Lágere yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìpakúpa àkọ́kọ́, ààrẹ Mali nígbà náà, Ibrahim Boubacar Keïta, lọ sí abúlé náà fúnra rẹ̀, ó sì ṣèlérí ààbò. Wọ́n kó àwọn sójà wá síbẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn tó yè ti gba ìlú mìíràn lọ, àwọn yòókù dúró, nítorí wọ́n ń rí sójà lójoojúmọ́. Ó tó oṣù mẹ́wàá tí nǹkan fi wà bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ 13 oṣù kejì ọdún 2020, àwọn sójà náà kó ẹrù wọn, wọ́n sì lọ. Àwọn mìíràn ló yẹ kó wá rọ́pò wọn. Wọn ò dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ kejì, àwọn agbébọn ti wọ abúlé. Àwọn tí wọ́n pa lọ́tẹ̀ yìí lé ní 30.

Mo ti ka ìròyìn ìpakúpa tó pọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ yìí kò kúrò lójú mi. Àwọn ará abúlé rí i nígbà tí ọkọ̀ àwọn sójà ń lọ. Wọ́n mọ ohun tó túmọ̀ sí. Wọ́n pe àwọn aláṣẹ lórí fóònù, wọ́n ké gbàjarè pé àwọn ti wà láìní ẹ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dé etí àwọn tó ní agbára láti ṣe nǹkan kí ilẹ̀ tó mọ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ ni lóòótọ́. Àwọn tó máa kú ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, àwọn náà ni wọ́n sì sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn.

Mo máa ń rò ó pé kí ni èmi ì bá ṣe láàárín ìgbà tí oòrùn wọ̀ àti ìgbà tí ìbọn dún. Ìyá tó ní ọmọ mẹ́rin, tí ọ̀kan ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ibo ló máa gbà lóru? Ọ̀nà Bankass ni wọ́n máa ń ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀ sí. Inú igbó ni àwọn tó ń bọ̀ wá pa á wà. Bó bá dúró sílé, ògiri ṣì wà láàárín òun àti ìbọn. Bó bá bọ́ síta, kò sí nǹkankan. Òun náà lè máa rò ó pé àwọn tó máa rọ́pò àwọn sójà ti wà lójú ọ̀nà, pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé, torí ìlérí ìjọba ni, ààrẹ fúnra rẹ̀ ló sì fẹnu ara rẹ̀ ṣe é. Ẹni tó bá ní ìyá yìí kò gbọ́n, kó sọ ohun tí ì bá ṣe.

Síbẹ̀, ẹnì kan ṣì lè bi mí pé oṣù mẹ́wàá tí wọ́n fi wà níbẹ̀ ńkọ́? Kí ló dá wọn dúró sórí ilẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ èèyàn wọn ti ṣàn? Èmi náà bi ara mi. Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti rí ìdáhùn.

Ta ló máa dúró sọ pé èmi ni mo ni ín?

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ta ẹ̀wà àti èlùbọ́. Mo bi wọ́n léèrè nípa ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1997, tí kò rọlẹ̀ títí di ọdún 2000. Mi ò ní í sọ apá ibi tí màmá ti wá, torí kò sí ohun tí wọ́n sọ tí ìyá mìíràn ní òdìkejì kò lè sọ. Mo ní, “Màmá, ẹ gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀. Àwọn ọmọ yín ti lọ. Kí ló dé tí ẹ̀yin ò tètè lọ?”

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, tí mo bá lọ, ta ló máa dúró sọ pé èmi ni mo ni ín?”

Owó kòkó ni ọkọ wọn fi kọ́ ilé náà. Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ wọn ju rìsíìtì tí ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀. Ẹlẹ́rìí tí wọ́n ní ni pé wọ́n ń gbé inú ilé náà, gbogbo àdúgbò sì ń rí wọn níbẹ̀. Wọ́n dúró títí ìbọn fi dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n wá fi òru bojú, wọ́n gba ọ̀dọ̀ ẹbí lọ nílùú mìíràn. Ìgbà tí wọ́n padà, wọ́n ti ṣí páànù òrùlé lọ, wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, wọ́n ti da pàǹtí sínú kànga. Màmá sọ gbogbo ìyẹn láìgbé ohùn sókè. Oko ni ohùn wọn ti yí padà. Pèrègún tó wà lójú ààlà, tí bàbá ọkọ wọn gbìn, wọ́n ti fà á tu látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. “Ilé jó, èèyàn lè tún un kọ́,” ni wọ́n ní. “Ta ni mo máa bá dúró lójú ààlà tí kò sí níbẹ̀ mọ́?”

Ọ̀rọ̀ màmá yìí ló yí ìrònú mi padà. Tẹ́lẹ̀, mo gbà pé ogun ló ń ṣẹlẹ̀, tí àwọn èèyàn á sì sá nítorí rẹ̀. Mo ti wá rí i báyìí pé níbi púpọ̀, nítorí kí wọ́n lè sá ni wọ́n ṣe gbé ogun náà kò wọ́n lójú. Ẹni tó fẹ́ pa ọ́ nìkan kò ní í dúró dáná sun àká ọkà rẹ. Ní ẹkùn Mopti, abúlé lórí abúlé, ti Dogon àti ti Fúlàní, wọ́n sun àká, wọ́n kó màlúù lọ. Àwọn tí ìbọn ò bá kò gbọdọ̀ rí ohun tí wọ́n máa jẹ níbẹ̀, kí wọ́n má bàa padà. Ẹni tó dúró sí Ogossagou mọ èyí. Lójú tiẹ̀, bó bá kúrò, àwọn tó wá pa á ti rí ohun tí wọ́n wá gbà.

Ifẹ̀ ti sá rí, Modákẹ́kẹ́ ti sá rí

Ohun tó yẹ kó jẹ́ kí ìlú wa yìí lóye Mali ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ ni pé kò sí ẹni tí kò tíì sá nínú wa. Àwọn tó sá wá nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ni Ọọ̀ni Abewéilá fún ní ibùdó, ní nǹkan bí ọdún 1845, tó di Modákẹ́kẹ́. Nígbà tí ìjà dé lọ́dún 1849, àwọn ará Ifẹ̀ ló tú kúrò nílùú, wọ́n lọ ń gbé ní Ìṣọyà. Wọ́n padà, wọ́n tún tú lẹ́ẹ̀kejì lọ́dún 1882. Dẹ̀rìn Ológbẹ̀ńlá, tí wọ́n yàn sípò Ọọ̀ni, Òkè-Igbó ló wà, kò sì padà wá gun orí oyè nínú Ifẹ̀. Ọdún 1894 ni Ifẹ̀ tó padà sílé.

Lẹ́yìn náà ló wá kan Modákẹ́kẹ́. Àdéhùn tí wọ́n fi parí ogun Kírìjì, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, ti pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí kúrò lọ tẹ̀ dó sí àárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà. Wọn ò lọ. Ìjọba òyìnbó ló wá tú ìlú náà ká lọ́dún 1909. Àwọn kan gba Gbọ̀ngán, àwọn kan gba Ọdẹ-Òmù, àwọn mìíràn fọ́n ká. Ọdún 1922 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ìṣọyà àti ọmọ tí wọ́n bí ní Ọdẹ-Òmù gbọ́ ìtàn kan náà lẹ́nu bàbá wọn: ilé wa wà lọ́hùn-ún, wọ́n lé wa kúrò níbẹ̀ ni. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n padà, oko ti wà lórí oko, ìṣákọ́lẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ kóòtù, nígbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 sì dé, àwọn kan ní àwọn kò ní í san án mọ́. A jà lọ́dún 1981, a jà lọ́dún 1983. Ti ọdún 1997, ọ̀rọ̀ ibi tí olú ilé ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ máa wà ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ọ́fíìsì nìkan ni èèyàn kú lé lórí kò tíì bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ní Mopti, bákan náà lọ̀rọ̀ rí. Fúlàní a máa tọ́ka sí ìjọba Dina tí Sékou Amadou dá sílẹ̀ lọ́dún 1818, pé ìjọba yẹn ló ṣètò ibi ìjẹko àti ọ̀nà màlúù. Dogon a ní àwọn baba àwọn ti wà ní òkè Bandiagara ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó dá ìjọba kankan, pé àwọn sì ni wọ́n fi ọkọ́ dá oko sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Séno. Oníkálukú ló ní ọdún tó ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ibẹ̀. Mo ti gbọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń fi ọdún ju ara wọn, nílé wa níbí àti níbòmíràn, n kò sì rí ìgbà kan tí ìyẹn dá ẹnì kan padà sórí oko rẹ̀.

Àwọn tó gba òwe gbọ́

Àwọn tó sá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ Fúlàní láti Mopti sá dé Bamako, olú ìlú Mali. Ní Faladié, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà màlúù, ẹ̀gbẹ́ ààtàn ni wọ́n pa àgọ́ sí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, iná jó ibẹ̀. Ìpakúpa Ogossagou ẹlẹ́ẹ̀kejì kò tíì pé oṣù mẹ́ta nígbà náà. Àwọn Dogon tó sá wà káàkiri Bandiagara àti Mopti, nínú ilé ẹbí, nínú ilé ìwé, nínú ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí. Ní Burkina Faso tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, iye àwọn tí ìjọba kà pé wọ́n ti sá kúrò nílé ti kọjá mílíọ̀nù méjì ní oṣù kẹta ọdún 2023. Orílẹ̀-èdè tí gbogbo èèyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 22 lọ ni.

Ohun tí mo ń rí nínú ìrànlọ́wọ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn ni ìrẹsì, tapólì, omi. Ó dára, ebi kò ṣeé fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ orúkọ oko tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú ìwé? Ta ló ń pe àgbà Dogon àti àgbà Fúlàní láti abúlé kan náà jókòó, kó bi wọ́n pé ìyá yìí, níbo ni ààlà rẹ̀ dé, nígbà tí àwọn tó mọ ààlà náà ṣì wà láàyè? Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ilé mọ́ ńkọ́? Tí wọ́n bá ti fi èyí sílẹ̀ títí ọmọ tí wọ́n bí ní Faladié fi dàgbà, a jẹ́ pé wọ́n ti ń tọ́jú ogun ọjọ́ iwájú nìyẹn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí mo ń gbé ní Ifẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ka ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní Koro sí pàtàkì. Abẹ́ ẹkùn Mopti kan náà ni Koro wà nígbà náà, ó bá Bankass pààlà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, àwọn aṣojú Dogon àti Fúlàní fọwọ́ sí àdéhùn níbẹ̀, àjọ alárinà kan tó ń jẹ́ Centre for Humanitarian Dialogue ló sì bá wọn ṣètò rẹ̀. Wọn ò fi àkókò ṣòfò lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé. Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí ọjà, pé kí Fúlàní lè wọ̀ ọ́ láìsí pé wọ́n pa á. Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí oko, pé kí Dogon lè dé ibẹ̀, kó sì padà sílé.

Àdéhùn yìí kò parí ogun Mali. Ìpakúpa Diallassagou tó wà ní agbègbè Bankass ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé náà ti kẹ́rù wọn kúrò ní Mali ní òpin ọdún 2023, ìyẹn náà sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ abúlé wà láìsí ẹni tí wọ́n lè ké sí. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, àdéhùn Koro nìkan ló bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí màmá ẹlẹ́wà ti bẹ̀rẹ̀: ta ló lè dé oko rẹ̀ nígbà tí òjò bá rọ̀, ta ló lè da màlúù gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn ìkórè, ta sì ni wọ́n máa jọ dúró lójú ààlà láti sọ pé ibí ni.